Orí Kẹfà: Ìjàpá Àtijọ́ àti Owó Tí Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Ń Gbà

Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ nílé, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìjàpá, tí ó sì ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé òun kò ní tà á fún àwọn tí ń fi òṣùwọ̀n ra irin àlòkù, ìbéèrè kan ń bọ̀ wá bá a, bó pẹ́ bó yá, tí kò ní lè yẹ̀ sílẹ̀ fún: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti darúgbó, òkè tí ó máa ń fi gíà kẹta gùn láì mí helehele ti di èyí tí ó ń fi gíà kejì gùn tìrora-tìrora, ọ́ìlì ń kán síbi gbogbo tí wọ́n bá gbé e sí, àwọn ọkọ̀ ìwòyí sì ń fọn fèrè lé e lẹ́yìn, ǹjẹ́ kí a tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe kí ó padà sí bí ó ti wà lọ́jọ́ tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́ ni, tàbí kí a kúkú fẹ̀ ẹ́, kí a fi kún agbára rẹ̀, nígbà tí a ó ṣáà tú u palẹ̀?

Ohun tí mo ní í sọ kò lọ́jú pọ̀, bí àlàyé rẹ̀ tilẹ̀ gùn. Owó tí a bá ná láti dá ìlera ẹ́ńjìnnì padà a máa padà wá bá ẹni tí ó ná an, lórí epo, lórí ìfọ̀kànbalẹ̀, àti lórí iye tí a lè ta ọkọ̀ náà bí ó bá di dandan. Ṣùgbọ́n owó tí a ná láti wá agbára tí àwọn tí ó ṣe é kò fún un, owó tí ń bí ìnáwó mìíràn ni, nítorí pé agbára kì í dá wá: bí ó bá ti wọlé, bíréèkì yóò ní òun náà fẹ́ jẹun, kọ̀láàṣì yóò na ọwọ́, ooru yóò sì jókòó tì wọ́n láti gba ìpín tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ọkọ̀ tí ó fi ẹ̀yìn ru ẹ́ńjìnnì, tí ó fi iwájú gbé ẹrù. Aláìní-rádíétọ̀ tí kì í bá onílé tọrọ omi lójú ọ̀nà. Iye rẹ̀ tí ó jáde sáyé ju mílíọ̀nù 21 lọ kí èyí tí ó kẹ́yìn tó jáde ní Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní oṣù Keje ọdún 2003. Níhìn-ín ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria (VON) tí ó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975, Ìjàpá sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Sìlíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, méjì dùbúlẹ̀ sí ọ̀tún, méjì dùbúlẹ̀ sí òsì, afẹ́fẹ́ tí fáànù kan ń fẹ́ sí wọn lára ni ó sì ń tù wọ́n. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1200 kò ní ju agbára ẹṣin 34 lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 1300 àti 1500 dé. 1600, tí ìwọ̀n rẹ̀ gan-an jẹ́ 1584 cc, ni àgbà wọn, agbára ẹṣin 50 ni wọ́n sì kà fún un. Ẹbí kan náà ni ẹ́ńjìnnì tí ó gbé ọ̀pọ̀ dáńfó àtijọ́ rìn. Ní Brazil, wọ́n ń ṣe ọkọ̀ Kombi tí ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù yìí ń gbé rìn títí di òpin ọdún 2005, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí ẹ̀yà ara 1600 ṣì wà lọ́jà lónìí ju ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Kí a tó sọ pé a fẹ́ ná kọ́bọ̀ kan, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ikú ni ó jẹ́ pé fáàfù tí wọn kò tún sí láti ọdún tó kọjá, tàbí kábúrétọ̀ tí ń fa afẹ́fẹ́ ní ìdí rẹ̀, ni ó ń dà á láàmú. Ẹ tún àlàfo fáàfù ṣe ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ìwọ̀n 0.15 mílímítà ni ti 1600. Ẹ wo plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wo kọ́ńtáàkì, ẹ tún ìgbà tí iná ń ṣẹ́ sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ wakọ̀ náà yí àdúgbò ká kí ara rẹ̀ lè gbóná, kí ẹ wá yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, kí ẹ fi géèjì sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan tẹ tọ́ròtù mọ́lẹ̀ pátápátá nínú ọkọ̀ kí ó sì máa yí stáátà títí abẹ́rẹ́ géèjì kò fi ní gòkè mọ́. Bí ara 1600 bá dá, abẹ́rẹ́ náà a máa dúró láàárín 100 sí 130 psi. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ 105, inú mi a dùn ju kí mẹ́ta jẹ́ 125 kí ìkẹrin jẹ́ 80 lọ, nítorí pé èyí tí ó dá yàtọ̀ yẹn ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì kan a máa da ọ́ìlì ṣíbí kan sí ihò plọ́ọ̀gì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá rínìngì ni tàbí fáàfù. Ọgbọ́n yìí dára fún ẹ́ńjìnnì tí ó dúró ṣánṣán. Ṣùgbọ́n ti Ìjàpá dùbúlẹ̀, ìsàlẹ̀ sìlíńdà nìkan ni ọ́ìlì náà yóò sàn lọ, tí òkè rẹ̀ yóò gbẹ, kò sì sí ẹ̀rí òdodo tí ó lè ti ibẹ̀ jáde. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí a lọ bá fókánáísà. Ẹ fọ́ tánganran inú plọ́ọ̀gì àlòkù kan dànù, kí ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó imú táyà mọ́ ọn, kí ẹ sì dè é sí ojú sìlíńdà tí ẹ fura sí. Ẹ ti òkúta sí àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ gbé pístìnì yẹn dé òkè níbi tí fáàfù méjèèjì ti padé, ẹ kó ọkọ̀ sí gíà kẹrin, ẹ fa háńdù-bíréèkì, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọwọ́ tàbí sípánà ẹnikẹ́ni wà lára púlì, torí afẹ́fẹ́ náà lè yí i lójijì. Nígbà tí fókánáísà bá tú afẹ́fẹ́ sí i, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá ń sín ní ẹnu sàlẹ́ńsà, fáàfù tí ń tú èéfín jáde ni kò padé mọ́. Bí ó bá ń sín ní kábúrétọ̀, fáàfù tí ń fa epo wọlé ni. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí a ń da ọ́ìlì sí ni ẹ ti ń gbọ́ ọ, rínìngì àti sìlíńdà ti jẹ, kò sì sí àtúnṣe orí nìkan tí yóò wò ó.

Ó ku ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ di púlì ńlá tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ tì í síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn. Ìwọ̀n tí kíráǹkìṣáàfù lè fi rìn síwá-sẹ́yìn kò gbọdọ̀ ju 0.15 mílímítà lọ, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Bí ọwọ́ yín bá mọ̀ pé ó rìn, tí ẹ sì gbọ́ ìró “kọ̀, kọ̀” nínú rẹ̀, béárìnnì ti fi orí lu ilé rẹ̀ títí ilé náà fi fẹ̀. Irin fífúyẹ́ ni wọ́n fi rọ àpótí tí kíráǹkìṣáàfù ń yí nínú rẹ̀ yìí, kì í ṣe irin líle, ooru ọdún pípẹ́ a sì máa sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ẹni tí ó bá fi pístìnì ńlá tuntun sórí irú àpótí bẹ́ẹ̀ láì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ ojú béárìnnì ní títọ́, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Ìgbà tí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá ti hàn síta ni ọ̀rọ̀ ìnáwó tó kàn. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí ní ṣọ́ọ̀bù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ:

“Alàgbà, ẹ́ńjìnnì yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ká fi pístìnì ńlá sí i, ẹ ó rí bí yóò ṣe máa já.”

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n tí ẹ fi mọ̀ pé ó ti kú?”

“Etí ni mo fi gbọ́ ọ, sà. Iṣẹ́ ọwọ́ wa náà ni.”

“Mo gbà, ọwọ́ yín kò ní í ṣì í ṣe. Ẹ bá mi gbé géèjì sí i kí èmi náà rí i. Ẹ sì bá mi kọ gbogbo nǹkan tí a ó rà sórí ìwé, kí ẹ dá iye owó ọjà sọ́tọ̀, kí ẹ dá ti iṣẹ́ ọwọ́ yín sọ́tọ̀, kí ẹ dá ti ẹni tí yóò gbẹ́ irin náà sọ́tọ̀.”

Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí èyí. Ní tèmi, bí ìwé náà bá ti wà lọ́wọ́, mo máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí ó wà níbẹ̀ lé e lórí fún ohun tí ó wà ní ìkọ̀kọ̀, nítorí pé kò sí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí a tú tí a kò bá nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀: bóòtì orí sìlíńdà tí ó ti fa okùn inú àpótí yọ, tàbí orí tí ó ti sán láàárín ojú fáàfù àti ihò plọ́ọ̀gì. Bí owó kò bá tó pẹ̀lú ìdá yẹn, ẹ má tíì tú u.

Ọ̀nà àkọ́kọ́, tí mo gbà níyànjú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ni kí á tún 1600 ṣe bí 1600: pístìnì àti sìlíńdà tuntun tí ẹnu wọn jẹ́ 85.5 mílímítà, béárìnnì tuntun, orí tí wọ́n ti lọ fáàfù rẹ̀ tàbí èyí tí a rà ní tuntun, àti gbogbo gáàsìkẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ 1200 ni ẹ ní, tí ara rẹ̀ sì ti jẹ, kò sí ìwà òmùgọ̀ nínú kí a rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú 1600 tí ó pé. Èyí nìkan ni àfikún agbára tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó tó owó rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà ni ó ti wá, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà ní ọjà Ládípọ̀ àti ọjà Ọ̀wọ́dé-Onírin fún ẹni tí ó bá ní sùúrù láti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ ṣọ́ra ṣá bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti ayé bátìrì fóòtì 6: fùláíwíìlì rẹ̀ ní eyín 109, ti fóòtì 12 ní 130, ó sì fẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà wọn yóò ní láti gbẹ́ díẹ̀ nínú ilé gíà kí ó tó lè yí, stáátà náà yóò sì yí padà.

Ọ̀nà kejì ni kí á fẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó rọrùn jù tí wọ́n máa ń fi tan ènìyàn ni pístìnì 87, tí ń sọ ọ́ di 1641 cc, tí ó sì ń wọlé láì sí pé a gbẹ́ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n níbo ni àyè tí wọ́n fi fẹ̀ ẹ́ ti wá? Lára ògiri sìlíńdà náà ni. Ògiri tí ó fẹ́lẹ́ kì í dúró yíká mọ́ bí ooru bá mú un, rínìngì kò sì ní bá a mu. Ẹni tí ó bá sì ti jókòó nínú gósíló ìlú Èkó ní ọ̀sán gangan mọ irú ooru tí mo ń wí. Fún ìyàtọ̀ 57 cc, mi ò rí ìdí rẹ̀. Pístìnì 90.5 ni àwọn tí ó mọ ẹ́ńjìnnì yìí dunjú fẹ́ràn, tí ń sọ ọ́ di bí 1776 cc, ògiri rẹ̀ sì nípọn dáadáa. Àmọ́ àpótí àti orí ni a gbọ́dọ̀ gbẹ́ kí ó tó wọlé, kábúrétọ̀ kan ṣoṣo kò sì ní lè bọ́ ọ yó mọ́, méjì ni yóò fẹ́. Sàlẹ́ńsà àtijọ́ yóò fún un lọ́rùn. Kíráǹkìṣáàfù tí ó bá ọkọ̀ wá kò ní irin ìdọ́gba lára, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ máa lò ó ní eré àsápajúdé ní láti ra irú èyí tí ó ní. Bí ẹ bá tún gbé ìfúnpọ̀ rẹ̀ sókè kọjá nǹkan bí 7.5 sí 1 tí wọ́n fi ṣe é, epo ojoojúmọ́ kò ní bá a lára mu mọ́, yóò máa lu inú rẹ̀ bí ó bá ń gun òkè, ìlù yẹn ni yóò sì fọ́ pístìnì.

Wọ́n bi Ìjàpá léèrè pé ìgbà wo ni yóò darí láti ìrìn-àjò, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Irú ìrìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá ọkọ̀ orúkọ rẹ̀ rìn: pístìnì fa kábúrétọ̀, kábúrétọ̀ fa sàlẹ́ńsà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pawọ́ pọ̀ fa kọ̀láàṣì, kò sì tíì sí ẹni tí ó ronú kan bíréèkì. Dúrọ́ọ̀mù ni ó wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀pọ̀lọpọ̀ Ìjàpá. Ó tó fún agbára ẹṣin 34, ó tó fún 50 bí a bá ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọjá ibẹ̀, dísìkì iwájú ni kí a kọ́kọ́ rà, kí a tó ra pístìnì rárá. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá lè ra méjèèjì, bíréèkì nìkan ni kí ó rà.

Ní òkè òkun, àwọn kan ń gbé ẹ́ńjìnnì Subaru tí omi ń tù sínú Ìjàpá. Ó ń sáré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rádíétọ̀ ni a ó wá ibi tí a ó so ó sí nínú ọkọ̀ tí a kò ṣe ibi kankan sílẹ̀ fún un, a ó na páìpù omi láti iwájú dé ẹ̀yìn, a ó rọ irin tí yóò so ẹ́ńjìnnì àjèjì mọ́ gíà, a ó sì tún wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ tí mẹkáníìkì abúlé èyíkéyìí lè tú tẹ́lẹ̀ yóò wá di èyí tí ẹnì kan ṣoṣo mọ àṣírí rẹ̀. Kí ẹni yẹn má ṣe kó lọ sí ìlú mìíràn o.

Àwọn àtúnṣe kéékèèké kan wà tí kò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì náà rárá, tí ó sì jẹ́ pé àwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ sanwó fún. Fáànù àti dáínámò ni bẹ́líìtì kan náà ń yí, àwọn páànù tí ó yí ẹ́ńjìnnì ká pẹ̀lú rọ́bà etí wọn ni ó sì ń dá afẹ́fẹ́ tútù yà kúrò lára èyí tí ó ti gbóná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì, bí wọ́n bá ti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a máa ju páànù méjì-mẹ́ta sílẹ̀ pé kò wúlò. Ẹ wá gbogbo rẹ̀ padà. Nínú àwọn ti ìgbà àtijọ́, ohun tí ń tu ọ́ìlì dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ sìlíńdà kẹta, èyí tí ó wà níwájú lápá òsì, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ni sìlíńdà náà máa ń jẹ, ìdí sì nìyẹn tí fáàfù ibẹ̀ fi máa ń ṣẹ́ ṣáájú ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é gbé e kúrò níbẹ̀ nínú ọkọ̀ ti ọdún 1971, a sì lè gbé ilé fáànù ti ìgbà yẹn lé orí ti ìṣáájú. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ju líìtà méjì àbọ̀ lọ, asẹ́ irin lásán ni ó sì ń sẹ́ ẹ. Fífi fílítà gidi sí i, àti pípààrọ̀ ọ́ìlì náà ní gbogbo 5000 kìlómítà, yóò fi ẹ̀mí kún ẹ̀mí rẹ̀ ju pístìnì ńlá lọ. Iná oní-ẹ̀rọ tí ń rọ́pò kọ́ńtáàkì inú dìsìtíríbútọ̀ náà dára, bí ẹ bá lè pa kọ́ńtáàkì àtijọ́ mọ́ sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ tí èyí tuntun bá kọ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ kò gùn. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára àpótí, lábẹ́ ibi tí dáínámò jókòó lé, nọ́ńbà yìí kan náà ni ó sì wà nínú ìwé yín. Bí ẹ bá pààrọ̀ pístìnì tàbí orí, nọ́ńbà kò yí. Bí ẹ bá pààrọ̀ àpótí tàbí odindi ẹ́ńjìnnì, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á, kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ń ṣe ìwé ọkọ̀ láti yí i padà kí ọkọ̀ tó tún jáde sójú ọ̀nà, nítorí ọlọ́pàá tí ó bá yọ tọ́ọ̀ṣì sí i yóò bi yín bí ẹ ṣe rí i.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti padà sípò, ẹ má fi agbára gbogbo tẹ̀ ẹ́ fún 500 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó máa kérora nínú gíà ńlá lórí òkè. Bí ó bá pé iye yẹn, ẹ da ọ́ìlì rẹ̀ nù, ẹ fọ asẹ́ rẹ̀, ẹ tún àlàfo fáàfù wò ní òwúrọ̀ tútù, kí ẹ sì tún gbé géèjì sí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ kọ iye tí ó fi hàn fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé pélébé kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti kìlómítà, kí ẹ fi í pamọ́ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn rìsíìtì. Ẹnikẹ́ni tí yóò bá tún tú ẹ́ńjìnnì náà lọ́jọ́ iwájú, ìwé yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ nà sí i.